Eré Ìje Nílùú Ẹni

Ẹ̀yin ọmọ Lísàbí, eré ìdajì máratọ́ọ̀nù, kìlómítà 21 ó lé díẹ̀, nira níbikíbi.

Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò sá a ní Abẹ́òkúta tí wọ́n ti pọ̀n ọ́n dàgbà ni ó rí ìjà.

Bí mo ti ń mí hẹlẹhẹlẹ gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ abẹ́ Olúmọ, tí mo sì kọjá níwájú àwọn ìyá aládìrẹ ní Ìtòkú, ni ọ̀kan nínú wọn, tí ń ká aṣọ lọ́wọ́, figbe ta pé: “Àkànní, ta ní ń lé ọ?”

Kò jẹ̀bi; ẹnìkan kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán.

Mo dọ̀bálẹ̀. Aago ọwọ́ mi kò dúró.

Ẹ̀yin sárésáré ẹlẹgbẹ́ mi, ṣé ẹ máa ń dúró kí àgbà, tàbí ẹ kàn ń juwọ́ ni?