Ọ̀rọ̀ Tí Àwọn Olùkọ̀wé Òfin Kò Parí

Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Òwe yìí ni ó máa ń sọ sí mi lọ́kàn nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ tí àwọn èèyàn wa ń béèrè fún ìwé òfin tuntun fún Nàìjíríà. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí, Òṣogbo ni mo fi ṣe ibùgbé. Ìbáà jẹ́ lórí rédíò, ìbáà jẹ́ lẹ́nu àwọn tí a jọ ń dúró de ọkọ̀, ohun kan náà ni mò ń gbọ́: ìwé òfin tí a ń lò kò dára, ẹ jẹ́ kí a kọ òmíràn. Èmi náà kò sọ pé ó dára. Ṣùgbọ́n kí a tó kọ òmíràn, ó yẹ kí a bi ara wa léèrè bí àwọn tó ṣáájú wa ṣe kọ tiwọn, àti ibi tí wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láìparí. Ohun tí mo rí nínú ìtàn ni pé ọ̀rọ̀ tí àwọn baba bá gbójú fò nínú ìwé, àwọn ọmọ ni yóò bá a wọ̀yá ìjà.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Kí ẹnikẹ́ni tó pe ilẹ̀ yìí ní Nàìjíríà ni àwọn baba wa ti jókòó ti ìwé àdéhùn. Ogun Kírìjí bẹ̀rẹ̀ ní 1877 láàrin Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, tí àwa Ìjẹ̀ṣà jẹ́ òpó pàtàkì nínú rẹ̀. Nígbà tí ó sú tọ̀tún tòsì, àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, ń gbé ọ̀rọ̀ láti bùdó kan dé èkejì. Ìwé tí wọ́n tọwọ́ bọ̀ ní 1886 kò gùn, ṣùgbọ́n ó là á mọ́lẹ̀. Àwọn ìlú Èkìtìparapọ̀ gba òmìnira. Ọ̀tan, Ìrèsì, Àdá àti Ìgbájọ yóò wà lábẹ́ Ìbàdàn, ẹni tí kò bá sì fẹ́ bẹ́ẹ̀ lè kó ẹrù rẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Modákẹ́kẹ́ nìkan ni wọn kò là mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìwé náà ní kí wọ́n ṣí ìlú náà lọ sí ilẹ̀ tó wà láàrin odò Ọ̀ṣun àti odò Ọbà, ṣùgbọ́n ìgbà tí wọn yóò lọ àti ọ̀nà tí wọn yóò gbà lọ, wọ́n fi ìyẹn de ìpàdé mìíràn. N kò sọ pé ó tọ́ kí wọ́n ṣí ẹnikẹ́ni nípò. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi de ìpàdé mìíràn ní 1886 ṣì ń ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ láàrin Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ ní 1997 títí wọ 2000. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

Nígbà tí ó wá di ti Nàìjíríà lápapọ̀, Gómìnà Arthur Richards gbé ìwé òfin kan kalẹ̀ ní 1946 láìgba ìmọ̀ràn àwọn onílẹ̀. Ẹgbẹ́ NCNC rin ilẹ̀ yìí já láti fi ẹ̀hónú hàn. Ẹnu ìrìn náà ni Herbert Macaulay wà tí àìsàn fi kọlù ú ní Kánò, tí ó sì kú ní ọdún náà. John Macpherson tí ó gba ipò Richards kọ́gbọ́n. Ní 1949, ó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àpérò láti abúlé, kí ó dé ẹkùn kéékèèké, kí ó tó dé ìpàdé gbogbogbò tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn ní oṣù kìíní 1950. Àṣà tó dára ni, ó sì sún mọ́ bí a ṣe ń ṣe ìgbìmọ̀ láàfin àti ní agboolé. Ṣùgbọ́n iye àga ilé aṣòfin fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ìpàdé náà ká. Ẹ́míà Zaria àti ti Katsina ní bí Àríwá kò bá gba ìdajì, kí oníkálùkù máa lọ nílé rẹ̀. Wọ́n gba ìdajì náà. Wọ́n pín àga, ṣùgbọ́n wọn kò fẹnu kò lórí ìgbà tí onílé yóò gba ilé rẹ̀. Ní 1953, Anthony Enahoro dábàá pé kí a gba ìjọba ara-ẹni ní 1956, Àríwá kọ̀, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Kánò. Nígbà tí yóò fi di 1954, ìwé òfin mìíràn ti rọ́pò ti Macpherson.

Ìjọba Murtala Muhammed tún yan àwọn ọlọ́gbọ́n ní 1975. Àádọ́ta ni wọ́n pè, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kọ̀, ó ku mọ́kàndínláàádọ́ta. Kò sí obìnrin kan ṣoṣo láàrin wọn. Olóyè Rotimi Williams ni alága. Lẹ́yìn ìyẹn, ìgbìmọ̀ aṣòfin-ìpìlẹ̀ jókòó lé iṣẹ́ wọn ní 1977 sí 1978, àwọn ológun sì tún fi ọwọ́ ara wọn ṣe àyípadà sí i.

Nínú gbogbo ìjókòó yìí, gbólóhùn kan bọ́ sílẹ̀ tí wọn kò yẹ̀ wò dáadáa: ẹni tí yóò di ààrẹ gbọ́dọ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò, ó kéré tán, ní ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ mọ́kàndínlógún ni a ní ní 1979. Ta ni yóò pín mọ́kàndínlógún sí mẹ́ta tí kò ní ṣẹ́kù? Shehu Shagari ní ìdá náà ní ìpínlẹ̀ méjìlá, tirẹ̀ ní Kánò kò tó. Agbẹjọ́rò Richard Akinjide ní ìpínlẹ̀ méjìlá àti ìdá méjì nínú mẹ́ta Kánò ti tó, bí ẹni pé iṣu ni Kánò tí a lè gé. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ fọwọ́ sí ìjáwé olúborí Shagari. Adájọ́ Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́, tí a bí ní Iléṣà ní 1925, kò bá wọn lọ. Lójú tirẹ̀, odindi ni ìpínlẹ̀, mẹ́tàlá ni òfin ń wí. Ìdí nìyí tí orí Ìjẹ̀ṣà mìíràn fi máa ń wú bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ọ̀rọ̀ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ dúró de adájọ́ rárá. Ẹni kan tí ó bá mọ ìṣirò nínú ìgbìmọ̀ ni ì bá ti béèrè.

Ìwé òfin tí a ń lò lónìí, àwọn ológun ni wọ́n fi àṣẹ gbé e kalẹ̀ ní 1999. Síbẹ̀ ó bẹ̀rẹ̀ pé àwa èèyàn Nàìjíríà ni a ṣe é. Nígbà tí mo túmọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ yẹn fún ìyá àgbà kan ní ẹbí wa ní Iléṣà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọmọ mi, ọjọ́ wo ni wọ́n ránṣẹ́ pè mí?" N kò rí èsì fọ̀. Gbólóhùn ìdá méjì nínú mẹ́ta yẹn ṣì wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ti fi "àti Olú-ìlú Àpapọ̀, Àbújá" kún un. Ní 2023, "àti" kékeré yẹn tún gbé wa dé ilé-ẹjọ́, kí adájọ́ tó sọ pé Àbújá kò ní ipò tó ju ti ìpínlẹ̀ lọ.

Nítorí náà, bí a bá fẹ́ kọ ìwé òfin mìíràn, ẹ má ṣe jẹ́ kí a máa bèèrè ẹni tí yóò kọ ọ́ nìkan. Ẹ jẹ́ kí a béèrè pé kí wọ́n kà á fún wa ní èdè wa, ní gbọ̀ngàn ìlú àti ní ọjà, kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Abala 55 ìwé òfin yìí gan-an gba Yorùbá láàyè nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà, nígbà tí ètò tó yẹ bá ti wà. Ta ni yóò ṣe ètò náà? Wọn kò sọ. Ọ̀kan nìyẹn nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí wọn kò parí, ó sì tọ́ kí àwa béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí a dìbò fún. Bí ìyá àgbà yẹn bá gbọ́ gbólóhùn ìdá méjì nínú mẹ́ta ní èdè rẹ̀, ó dá mi lójú pé ìbéèrè àkọ́kọ́ tí yóò jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Tí kò bá wá pín dọ́gba ńkọ́?"