Ẹbu epo tó wà lórí ilẹ̀ ìjọ wa

A ní ọ̀rọ̀ kan láti bá yín sọ, ẹ̀bẹ̀ sì wà nínú rẹ̀.

Ẹ rántí ilẹ̀ tí a rà nítòsí Òkìtìpupa fún ilé ìjọsìn tuntun. Ẹbu epo àtijọ́ kan wà níbẹ̀, kòtò fífẹ̀ tí wọ́n rẹ́ inú rẹ̀ dan, igbó sì ti bò ó. A ti ní kí àwọn bíríkìlà fi yẹ̀pẹ̀ dí i, ká máa gbé mọ́tò síbẹ̀. Àwọn kan nínú wa tilẹ̀ ní ojúbọ ni. A ò béèrè, a gbà bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìyá àgbà kan fi ọ̀pá tilẹ̀ wá bá wa.

"Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dí i. Ojúbọ kọ́, ibi iṣẹ́ wa ni. Ibẹ̀ ni mo ti rí owó iléèwé àwọn ọmọ mi."

Mama jókòó, wọ́n ṣàlàyé. Wọ́n á se ẹyìn títí á fi rọ̀, wọ́n á dà á sínú ẹbu, àwọn obìnrin á bọ́ sí i, wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, orin lẹ́nu. Wọ́n á bu omi sí i, epo á léfòó, wọ́n á gbọ̀n ọ́n kúrò lójú omi, wọ́n á tún sè é. Ìhá di ohun ìdáná, èkùrọ́ di àdín. Kò sí èyí tó ṣòfò.

Ará, ojú tì wá. Gẹtisémánè tí à ń wàásù rẹ̀, ibi ìfúnróró ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ọlọ òkúta àti ìfúnróró àtijọ́ ṣì wà ní Kápánáúmù dòní, àwọn èèyàn wa ń wọ bàálù lọ wò ó. Tiwa rèé lẹ́yìnkùlé, a fẹ́ bò ó mọ́lẹ̀! Nígbà òmìnira ní 1960, Nàìjíríà ló ń ṣe epo pupa jù lọ lágbàáyé. Ẹsẹ̀ irú àwọn ìyá yìí ló tẹ púpọ̀ nínú rẹ̀. Jóṣúà kó òkúta 12 jọ láti inú Jọ́dánì, kí àwọn ọmọ lè rí i, kí wọ́n béèrè. Kí ni tiwa á béèrè lé lórí?

A ti sún ọgbà sẹ́yìn. Àyè mọ́tò máa dín kù, ẹ̀yin tí inú yín ò dùn sí i, ẹ foríjì wá. A ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Mama náà.

Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ mú àdá wá, ká lọ ṣán ibẹ̀. Ẹ mú àwọn ọmọ dání. Mama ti ṣèlérí pé àwọn máa sọ ìtàn fún wọn.

Òróró orí yín kò ní gbẹ. Ẹ ṣe Àmín.