Ilẹ̀ Tí Kò Ṣeé Tà

Ní ọdún 58 ṣáájú ìbí Jésù, Cicero, gbajúmọ̀ agbẹjọ́rò ìlú Róòmù, sá kúrò nílùú. Kíá ni wọ́n wó ilé rẹ̀ tó wà lórí òkè Palatine. Clodius ọ̀tá rẹ̀, tó wà nípò àṣẹ lọ́dún náà, wá kọ́ ojúbọ òrìṣà òmìnira sí apá kan ilẹ̀ náà.

Ìkà tó mọ òfin ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Róòmù, ohun tó bá ti di tòrìṣà ti bọ́ lọ́wọ́ èèyàn: kò ṣeé tà, kò ṣeé rà. Bí ilé òrìṣà tilẹ̀ wó, ilẹ̀ rẹ̀ ṣì jẹ́ mímọ́.

Cicero padà dé lọ́dún 57, ó sì gbé ẹjọ́ rẹ̀ síwájú àwọn àgbà àlùfáà. Ó ní ère tí wọ́n gbé síbẹ̀ gan-an, orí sàréè obìnrin kan nítòsí Tanagra nílẹ̀ Gíríìsì ni wọ́n ti gbé e wá. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ló ta yọ: ta ló fún Clodius láṣẹ? Àwọn àlùfáà dájọ́ pé bí ará ìlú kò bá dárúkọ ẹni tó ya ilẹ̀ náà sọ́tọ̀, kí wọ́n sì fún un láṣẹ, kò sí èèwọ̀ nínú dídá a padà. Cicero gba ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì fọwọ́ sí mílíọ̀nù 2 owó sesterces kó fi tún ilé kọ́.

Ní nǹkan bí ọdún 161 lẹ́yìn ìbí Jésù, Gaius, olùkọ́ òfin, to irú nǹkan tí kò ṣeé tà wọ̀nyí sọ́nà mẹ́ta: ti òrìṣà, ti òkú, àti odi ìlú pẹ̀lú ẹnubodè rẹ̀. Ti òkú ló yàtọ̀ jù. Kò sí pé à ń wá àṣẹ ìlú; ẹni tí ìsìnkú tọ́ sí kàn máa sin òkú rẹ̀ sórí ilẹ̀ ara rẹ̀, ibẹ̀ á sì di ibi ọ̀wọ̀.

Sàréè ẹrú pàápàá wà lára rẹ̀. Nínú ìwé Gaius yìí kan náà, ẹrú, màlúù, ẹṣin, ìbaaka àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wà nínú ẹgbẹ́ ohun ìní kan ṣoṣo. Síbẹ̀, Ulpian, amòfin Róòmù kan, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ibi tí wọ́n bá sin ẹrú sí, ibi ọ̀wọ̀ ni.

Ó dára bí òfin Róòmù ṣe ní kí alágbára lọ gbàṣẹ lọ́wọ́ ìlú kó tó fi orúkọ òrìṣà gba ilẹ̀ onílẹ̀. Àmọ́ òfin tó mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún sàréè ẹrú kò ní àwáwí kankan fún títa ẹrú náà lọ́jà nígbà tó wà láàyè.