João Saldanha, Oníròyìn Tí Kò Mọ Ẹ̀rù

Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni João Saldanha, ojú rẹ̀ jìn, sìgá kì í sì í wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá ti sún mọ́ makirofóònù, "Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi" ni yóò fi bẹ̀rẹ̀, bí ẹni tó ń bá aládùúgbò tàkúrọ̀sọ níwájú ilé. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó mọ ẹ̀yìn tí pàṣán máa bà: ti akọ́nimọ̀ọ́gbá ni o, ti alága ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ni o, ti ọ̀gágun ni o. Nelson Rodrigues, òǹkọ̀wé eré oníṣe tí wọ́n jọ máa ń jiyàn bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n ní Rio de Janeiro, ló sọ ọ́ ní João Aláìbẹ̀rù. Orúkọ náà mọ́ ọn lára.

Ìlú Alegrete, ní gúúsù Brazil, ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 3 oṣù Agẹmọ 1917. Ó wọ ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì, ẹgbẹ́ tí ìjọba fòfin dè fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹgbẹ́ kejì tó fi gbogbo ọkàn fẹ́ ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Botafogo. Ní 1957, Botafogo fi í ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Garrincha, Didi àti Nílton Santos ló bá níbẹ̀. Lọ́dún yẹn gan-an ni wọ́n gba ife ìdíje Rio, wọ́n na Fluminense 6 sí 2 níjọ́ àṣekágbá.

Nígbà tó kúrò ní Botafogo ní 1959, ó gbájú mọ́ iṣẹ́ ìròyìn. Kì í kọ gírámà. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé ọtí àti létíkun Copacabana ló ṣe ń kọ tirẹ̀. Ọ̀kan nínú àwàdà tó máa ń sọ kiri ni ti Neném Prancha, ọmọ Botafogo bíi tirẹ̀: bí oògùn bá lè gbá bọ́ọ̀lù wọlé, ọ̀mì ni wọn ì bá máa ta ní gbogbo ìdíje ìpínlẹ̀ Bahia. Yorùbá tó mọ bí Ṣàngó àti Ọ̀ṣun ṣe fìdí múlẹ̀ tó ní Bahia kò ní béèrè ohun tó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Brazil fìdí rẹmi ní Ife Àgbáyé 1966, àwọn oníròyìn sì ń fi ẹnu na àwọn aláṣẹ. Ní oṣù Èrèlé 1969, João Havelange, olórí àjọ eré ìdárayá, gbé ikọ̀ orílẹ̀-èdè fún ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú jù nínú wọn. A kì í fini joyè àwòdì ká má lè gbádìyẹ. Ní 1966, agbábọ́ọ̀lù tó lé ní 40 ni wọ́n pè sí ibùdó, tí ẹnikẹ́ni ò mọ ẹni tó máa gbá a. Lójú ẹsẹ̀ tí Saldanha débẹ̀, ó ka orúkọ 22 fún àwọn oníròyìn: 11 tí yóò bẹ̀rẹ̀, 11 tí yóò jókòó dè wọ́n. Ó parí. Nínú ìdíje ìpegedé fún Ife Àgbáyé 1970, wọ́n gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 6, wọ́n borí nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n jẹ góòlù 23, 2 péré ló wọlé tiwọn. Èèyàn 183,341 ló sanwó wọ pápá ìṣeré Maracanã ní ọjọ́ 31 oṣù Ògún, nígbà tí Pelé jẹ góòlù kan ṣoṣo tó borí Paraguay.

Ṣùgbọ́n ìjọba ológun ló wà lórí oyè. Ọ̀gágun Médici, Ààrẹ tuntun, fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, ìròyìn sì tàn pé ó fẹ́ kí wọ́n mú Dario, atamátàsé Atlético Mineiro. Èsì Saldanha ni pé kí Ààrẹ máa yan mínísítà tirẹ̀, kí òun náà máa yan agbábọ́ọ̀lù òun. Kò sì yé bínú: nígbà tí Yustrich, akọ́nimọ̀ọ́gbá Flamengo, bú u, ìbọn ìléwọ́ ló mú lọ wá a ní ibùdó Flamengo. Orí ló yọ àwọn méjèèjì tí wọn kò fi pàdé. Ní oṣù Ẹrẹ́nà 1970, wọ́n yọ ọ́. Àwọn kan ní òṣèlú ló fà á, àwọn kan ní ìbínú rẹ̀ ni. Zagallo ló gbapò rẹ̀. Ó mú Dario lọ sí Ife Àgbáyé ní Mexico, àmọ́ Dario kò gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kankan níbẹ̀. Brazil na Ítálì 4 sí 1, wọ́n gbé ife, àwọn ọmọ tí Saldanha kó jọ ló sì pọ̀ jù nínú ikọ̀ náà.

Ó padà sídìí makirofóònù. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti bàjẹ́ nígbà tó lọ ròyìn Ife Àgbáyé 1990 fún TV Manchete. Róòmù ló kú sí ní ọjọ́ 12 oṣù Agẹmọ, ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn àṣekágbá.

Ọ̀pọ̀ ló ń pariwo nígbà tí wọn ò tíì dé ìdí àwo. Bí wọ́n bá fún wọn nípò, ẹnu á wọlẹ̀. Saldanha dé ipò, ẹnu rẹ̀ kò yí padà, ó sì pàdánù ife àgbáyé nítorí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń fẹ́ mọ oníròyìn tòótọ́, ẹ má wo bó ṣe ń bú aláṣẹ lónìí. Ẹ dúró di ọjọ́ tí aláṣẹ bá pè é wá jẹun.