Marseille, Níbi Tí Àwọn Onímọ̀ Ìrúkèrúdò Omi Ti Pàdé

Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2011 ni mo wọ ọkọ̀ ojú irin láti Paris lọ sí Marseille. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ni mí nígbà náà. Lójú àwa tó ń kọ́ nípa bí omi àti afẹ́fẹ́ ṣe ń ṣàn, ìlú yẹn kì í ṣe ìlú èbúté lásán. Ibẹ̀ ni àwọn àgbà inú ìmọ̀ ìrúkèrúdò ti pàdé lọ́dún 1961; ìpàdé ìrántí àádọ́ta ọdún rẹ̀ ni mò ń lọ.

Mo sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ Saint-Charles, mo sì wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Luminy, lẹ́yìn ìlú, níbi tí àwọn òkè olókùúta funfun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òkun. Ibẹ̀ ni CIRM, ilé ìpàdé àwọn onímọ̀ ìṣirò, wà. Ibẹ̀ la ti ń jẹ, ibẹ̀ là ń sùn sí, ibẹ̀ náà la ti ń jiyàn.

Kí là ń jiyàn lé lórí? Ẹ ṣí ẹnu ẹ̀rọ omi díẹ̀, omi á máa ṣàn jẹ́ẹ́jẹ́, á mọ́ gaara. Ẹ ṣí i tán, á dàrú, á máa yí bìrìbìrì: ìyẹn là ń pè ní ìrúkèrúdò. Osborne Reynolds fi aró sínú omi tó ń ṣàn nínú ọ̀pá gíláàsì ní Manchester, ó sì kọ̀wé nípa ìyàtọ̀ tó wà láàrin méjèèjì lọ́dún 1883. Lọ́dún 1941, Andrei Kolmogorov, ará Rọ́ṣíà, ṣàlàyé pé ìyípo ńlá inú omi ń fún kékeré lágbára, kékeré ń fún èyí tó tún kéré jù ú lọ, títí agbára náà yóò fi di ooru. Ó fi ìṣirò sọ bó ṣe ń pín láàrin wọn.

Ìtàn ọdún 1961 ló gbà mí lọ́kàn jù. Nínú àwọn àgbà náà, Theodore von Kármán ti pé ẹni ọgọ́rin ọdún, Geoffrey Taylor ará Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ẹni ọdún 75, síbẹ̀ àwọn méjèèjì wá. Kolmogorov wá láti Moscow láìka ìjà Ìlà Oòrùn àti Ìwọ̀ Oòrùn sí, bẹ́ẹ̀ oṣù Kẹjọ ọdún náà gan-an ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí mọ odi tó pín Berlin sí méjì! R. W. Stewart láti Kánádà jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ òun ti wọn ìrúkèrúdò omi òkun ní ọ̀nà omi tóóró kan ní ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ wọn, ohun tí wọ́n rí sì bá ìṣirò ọdún 1941 mu. Ẹlòmíràn ì bá jókòó máa gba oríyìn. Ṣùgbọ́n ní ìpàdé yẹn kan náà ni Kolmogorov fúnra rẹ̀ ti tún ìṣirò náà ṣe, torí pé agbára kì í tú ká déédéé: ó ń pọ̀ níbì kan, ó ń ṣọ̀wọ́n níbòmíràn. Mo bọ̀wọ̀ fún un nítorí ìyẹn ju nítorí ìṣirò náà lọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn la ṣì ń fà ní Luminy lọ́dún 2011. Kódà, láti ọdún 2000 ni àjọ ìṣirò Clay ní Amẹ́ríkà ti fi mílíọ̀nù kan dọ́là lélẹ̀ fún ẹni tó bá yanjú ìbéèrè ńlá kan lórí ìṣirò Navier-Stokes, èyí tó ń ṣàpèjúwe ìṣàn omi. Kò tíì sẹ́ni tó gbà á.

Ẹ̀yin olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ìṣirò nílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín pé ìbéèrè yìí ṣì wà nílẹ̀, kí ẹ sì ràn wọ́n lọ́wọ́ láti dé irú ìpàdé bẹ́ẹ̀.