Ikú Kò Ṣeé Polówó: Ìtàn Ẹgbẹ́ Olórin Death

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀fọ̀ ni David Hackney wò nínú ilé tirẹ̀ ní Detroit, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ó fi sọ ẹgbẹ́ olórin tí òun àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ méjì, Bobby àti Dannis, dá sílẹ̀ ní Death, èyí tí í ṣe Ikú. Ìjàm̀bá ọkọ̀ ni ó pa bàbá wọn. David sì fẹ́ kí orúkọ náà lé ẹ̀rù ikú kúrò lọ́kàn ènìyàn.

Iṣẹ́ wọn kò ní àbùkù. Orin rọ́ọ̀kì wọn le, ó sì yára, kí ayé tó máa pe irú orin bẹ́ẹ̀ ní pọ́ǹkì. Ṣùgbọ́n Detroit ni ilé-iṣẹ́ Motown ti dìde. Orin sóòlù ni àwọn ènìyàn ń retí lọ́wọ́ ọmọ adúláwọ̀. Àwọn aládùúgbò ní orin aláwọ̀ funfun ni wọ́n ń kọ.

Ní ọdún 1975, wọ́n gba orin méje sílẹ̀ nínú méjìlá tí wọ́n pète. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ńlá kan fẹ́ràn orin náà, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n pa orúkọ dà. David kọ̀ jálẹ̀. Àdéhùn túká. Ní 1976, wọ́n dá gbé àwo kékeré kan jáde, ẹ̀dà 500 péré. Kò tà.

Kò yẹ kí a tètè dá ọ̀gá náà lẹ́bi. Yorùbá pàápàá kì í sọ pé ọba kú; wọ́n ní ó wàjà ni. Bí wọ́n bá sì fi ikú sí orúkọ ọmọ, bí i Ikúkọ̀yí, àbíkú ni wọ́n sábà máa ń bá wí. Bí ọlọ́jà bá ń polówó ikú, ta ni yóò pè é wọlé? Ṣùgbọ́n lójú David, ẹni bá pa orúkọ yẹn dà ti yọ ọ̀fọ̀ bàbá wọn kúrò nínú orin náà.

Àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró pa David ní ọdún 2000. Kí ó tó kú, ó kó téèpù orin náà lé Bobby lọ́wọ́, ó ní ayé ń bọ̀ wá wá a. Ní 2009, ilé-iṣẹ́ Drag City gbé orin méjèèje jáde, ayé sì gbọ́. Orúkọ tí kò ṣeé polówó ní 1975 kò yí padà. Ẹni tí ó sọ ọ́ ni kò sí níbẹ̀ mọ́.