Ní Òdìkejì Chikanda

Ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n rán mi lọ gẹ́gẹ́ bí òjíṣẹ́ Ọlọ́run kò ju ìrìn ọjọ́ kan lọ sí ilé wa. Bí ènìyàn bá kúrò ní Òmù-Àrán ní ìdájí, tó wọ ọkọ̀ ní Ìlọrin, tí ọkọ̀ náà gba ilẹ̀ Baruten já sí Chikanda, ó ti dé ẹnubodè nìyẹn, nínú Ìpínlẹ̀ Kwara tiwa níbí. Lẹ́yìn tí àwọn aṣọ́bodè bá ti yẹ ìwé rẹ̀ wò, ọlọ́kadà ni yóò gbé e wọ ilẹ̀ Benin, ojú ọ̀nà Nikki. Kò sí òkun láàárín, kò sí bàálù. Síbẹ̀, nígbà tí mo dé ọ̀hún, n kò gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ, n kò mọ owó tí wọ́n ń ná, n kò sì mọ ẹni tí mo lè ké pè bí ara bá ń gbóná fún mi lóru.

Àwọn Bàrúbá tó wà ní Chikanda àti àwọn tó wà ní Nikki, ọmọ ìyá ni wọ́n. Títí di òní ni ọdún Gààní, tí wọ́n ń fi ẹṣin àti kàkàkí ṣe ní Nikki, ń kó wọn jọ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe ní 1898 ló la ilẹ̀ Borgu sí méjì. Ní November 1894, Lugard, tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ti sáré dé Nikki láti gba ìwé àdéhùn kí àwọn ọmọ ogun Faransé tó débẹ̀. Oṣù yẹn gan-an ni àìsàn pa Walter Gowans nítòsí Zaria. Òun, Thomas Kent àti Rowland Bingham ni ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta tó gúnlẹ̀ sí Èkó ní December 1893, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ mú ìhìnrere dé àárín gbùngbùn Sudan, bí wọ́n ṣe ń pe ìhà òkè yìí nígbà náà. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Kent náà kú ní Bida ní December. Bingham nìkan ló padà sílé. Nígbà tí mo bá ń kọjá ní Chikanda, tí aṣọ́bodè ń lu òǹtẹ̀ sínú ìwé mi, àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, Lugard tó ń sáré àtàwọn mẹ́ta tí kò sí ọmọ ogun lẹ́yìn wọn.

Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mo kọ́, ní Ẹ̀gbẹ̀, nílẹ̀ Yàgbà. Ilé ìwòsàn kékeré kan ní abúlé kan ní agbègbè Nikki ni wọ́n gbé mi sí. Ohùn ládàánì ló ń jí gbogbo wa. Bí àwọn aládùúgbò mi bá ti ń ṣe àlùwàlá níta, èmi a kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, n óò bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. Àdúrà òwúrọ̀ ilé wa láriwo. Bàbá mi a lu agogo, wọ́n á dá orin, a ó gbè é, ẹnì kan á ka Bíbélì, àbúrò mi á sì sùn lọ níbi tó kúnlẹ̀ sí. Ní abúlé yẹn ni mo tó rí i pé láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, n kò tíì gbàdúrà rí láìsí ẹni tó ń ṣe àmín sí i. Ó le, mo fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọ̀pọ̀ òwúrọ̀ ni ọ̀rọ̀ á tán lẹ́nu mi kí ilẹ̀ tó mọ́, tí n óò kàn wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀. Wọn kò sọ ọ́ fún wa níbi ìdálẹ́kọ̀ọ́ pé ìgbàgbọ́ tí a rò pé ó jẹ́ tiwa, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀, ilé àti ìjọ ló ń bá wa gbé e.

Lẹ́yìn àdúrà, omi ló kàn. Ìdí kànga ni ilé ẹ̀kọ́ mi. Èdè Bàrúbá ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ bíi tiwa, nítorí náà kò ṣòro fún etí mi láti gbọ́ ìró rẹ̀. Àmọ́ ó ń pín orúkọ nǹkan sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan sì ní bí ọ̀rọ̀ tó bá tẹ̀ lé e ṣe gbọ́dọ̀ yí padà. Àwọn obìnrin a mú mi sọ orúkọ ìkòkò, okùn, ewúrẹ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún un sọ. Oúnjẹ kò ni mí lára rárá. Bàrúbá mọ iṣu gún, sókúrú ni wọ́n ń pè é, ẹni tó bá ti jẹ iyán ní Ìgbómìnà kò ní kọ̀ ọ́. Àwọn Fúlàní a sì máa gbé wàrà wá sí ọjà, èyí tí a ó dín sínú ọbẹ̀. Láàárín òwúrọ̀ sí ìrọ̀lẹ́, aboyún ni, ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná ni, egbò ni, ìwọ̀n ni, kíkọ sínú ìwé ni. Bí ẹni tó wà nílé bá rò pé orí àpótí ìwàásù ni mo wà lójoojúmọ́, mo bẹ̀ ẹ́ kí ó tún un rò.

Obìnrin Bàrúbá tó bá jẹ́ akọni kì í ké nígbà ìrọbí. Bó bá lè dá bí ọmọ rẹ̀ nínú iyàrá, láìpe ẹnikẹ́ni títí ọmọ á fi bọ́ sílẹ̀, ògo ńlá ni fún un. Nítorí náà, kí wọ́n tó pe agbẹ̀bí, nǹkan á ti le. Ọmọ tó bá sì mú ẹsẹ̀ wá sáyé, tàbí tó jẹ́ pé eyín òkè ló kọ́kọ́ hù lẹ́nu rẹ̀, wọ́n gbà láti àtijọ́ pé àjẹ́ ni, pé yóò pa òbí rẹ̀. Wọ́n á pa á, tàbí kí wọ́n gbé e fún Fúlàní kó lọ dàgbà lọ́dọ̀ wọn. Èyí ti dín kù gan-an, àmọ́ ìbẹ̀rù rẹ̀ kò tíì tán.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan wọ́n gbé obìnrin kan wá tó ti rọbí láti òwúrọ̀, ẹsẹ̀ ọmọ ló sì yọ. Wọ́n kọ́ wa pé a kì í fa irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ṣe la ó dúró dè é, ìyá ni yóò máa ti ọmọ rẹ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi ku orí nìkan. Mo dúró dè é. N kò rántí àdúrà tí mo gbà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé mo gbà á. Ọmọ náà ké. Kò sẹ́ni tó yọ̀. Ìyá àgbà tó tẹ̀ lé wọn wá kọjú sí ògiri.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwọ̀nba èdè tí mo gbọ́ sọ̀rọ̀. Mo sọ fún wọn pé, Màmá, nílé wa, Ìgè là ń pe ọmọ tó mú ẹsẹ̀ wá, pé a ní oríkì tí a ń kì í, pé ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, òun ló sì sin bàbá àti ìyá rẹ̀ nígbà tí wọ́n darúgbó kùjọ́kùjọ́. Ìyá àgbà kọjú kúrò lára ògiri, wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní ta ló wá pa ìyá rẹ̀. Mo ní ọjọ́ ogbó ni. Wọ́n ní kí n ki oríkì náà kí àwọn gbọ́. Mo kì í ní Yorùbá, ọmọ wà lọ́wọ́ mi, ìyá rẹ̀ ń wò mí láti orí bẹ́ẹ̀dì.

Wọn kò pa ọmọ náà. Ilé Fúlàní kan lẹ́yìn abúlé ni wọ́n gbé e lọ. Ìyá rẹ̀ a máa lọ ra wàrà níbẹ̀, ju iye wàrà tí ìdílé kan lè jẹ lọ, mo sì máa ń bá a rìn bí iṣẹ́ bá fún mi láyè. Nígbà tí mo wà níbẹ̀, ibi tí ọ̀rọ̀ náà dé nìyẹn. N kò pè é ní ìṣẹ́gun, n kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní òfo lójú mi.

N kò lè gbéraga sí wọn. Nígbà tí Thomas Titcombe, ọ̀dọ́ kan tó ti Kánádà wá, dé Ẹ̀gbẹ̀ ní 1908, pípa ni wọ́n ń pa ìbejì nílẹ̀ Yàgbà. Yorùbá bíi tèmi ni wọ́n. Lónìí a ń se ẹ̀wà fún ìbejì, a ń jó, ìlú tí wọ́n ti ń pa wọ́n ni mo sì ti kọ́ bí a ṣe ń gba ìbejì sáyé. 1952 ni ilé ìwòsàn Ẹ̀gbẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn. Ó lé ní ogójì ọdún láàárín.

Ohun tó sì mú mi kọ àròkọ yìí nìyẹn. Lóṣooṣù ni a ń fi ìròyìn ránṣẹ́ sí àwọn tó rán wa. Fọ́ọ̀mù náà ní àyè fún iye ẹni tó gba Kristi àti iye ẹni tí a ṣe ìrìbọmi fún. Kò ní àyè fún ìyá àgbà tó kọjú kúrò lára ògiri. Bí mo bá sì wálé, ìbéèrè kan náà ni gbogbo ènìyàn ń bi mí, láti ẹnu àlùfáà dé ẹnu ọmọ ilé ìwé ọjọ́ ìsinmi: ọkàn mélòó? Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló wà nídìí rẹ̀. Àmọ́ kí ni Bingham ìbá kọ sínú irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ ní 1895? Òkú méjì. Ó tún gbìyànjú ní 1900, ibà tún dá a padà. Ó di 1902 kí àwọn tí Bingham rán tó dó sí Pàtígì, létí odò Ọya, kí iṣẹ́ tó fìdí múlẹ̀. Bó bá jẹ́ pé iye ọkàn ni àwọn tó ń fi owó ránṣẹ́ sí i ń wò, iṣẹ́ Pàtígì kò ní sí, ti Òrò-Àgọ́ kò ní sí, ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìgbájà ní 1941 kò ní sí.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, wọ́n kó wa lọ sí Èsìẹ́ láti wo àwọn ère òkúta. Wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rin, ọkùnrin àti obìnrin, ọ̀pọ̀ wọn jókòó lórí àpótí, àwọn mìíràn mú ohun ìjà dání. Ramshaw, ẹni tó ń yẹ àwọn ilé ìwé CMS wò, ló jẹ́ kí ayé gbọ́ nípa wọn ní 1933, mùsíọ́ọ̀mù tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1945 ló sì ṣáájú gbogbo mùsíọ́ọ̀mù ní Nàìjíríà. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ní ìlú ni pé àlejò láti ọ̀nà jíjìn ni wọ́n, tí wọ́n di òkúta. Ní Nikki ni ìtàn yẹn tó yé mi dé egungun. Àlejò lè di òkúta lóòótọ́. Mo ti rí òjíṣẹ́ Ọlọ́run tó ń gbé inú ọgbà, tó ń jẹ gàrí tó gbé láti ilé, tó ń bá ará ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní gbogbo alẹ́, tí ọdún ń gorí ọdún, tí àwọn ará abúlé kàn ń kọjá lára rẹ̀. Ènìyàn rere ni. Mo bẹ̀rù rẹ̀ fún ara mi ju ibà lọ.

Ibà náà kò sì ṣàì wá. Nígbà kan ó mú mi dé ibi tí n kò lè dìde. Ìyá àdúgbò kan, mùsùlùmí tó ń gba ààwẹ̀ Ràmàdáánì, ló wá se ọ̀gì fún mi lọ́sàn-án gangan, tí ebi àti òùngbẹ ń pa àwọn fúnra wọn. Wọ́n ń fún mi mu díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń gbàdúrà fún mi. Mo ṣe àmín. Mo ti ka ìtàn ará Samáríà inú Ìhìnrere Lúùkù láìmọye ìgbà, mo sì ti fi kọ́ àwọn ọmọdé. Èmi tí mo wá gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fẹ́ ranni lọ́wọ́ ni mo dùbúlẹ̀ lójú ọ̀nà yẹn. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbàdúrà lọ́nà mìíràn, n kì í fi ẹnu ẹni tó ní nǹkan gbà á mọ́.

Bí mo bá sì bi ara mi léèrè pé ta ló mú ìgbàgbọ́ wọ ilé wa, kì í ṣe òyìnbó kankan. Bàbá bàbá mi lọ ṣiṣẹ́ ní Èkó, wọ́n kọ́ ábídí ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbé Bíbélì bọ̀ wálé. Bó ṣe rí ní ọ̀pọ̀ ilé Ìgbómìnà nìyẹn. Joseph Ayo Babalola, ọmọ Odò-Ọwá tí kò jìnnà sí wa, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ títì ló ń wà nígbà tó gbọ́ ìpè ní 1928, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Èdè ìyá rẹ̀ ló fi wàásù, àwọn ènìyàn sì wọ́ tẹ̀ lé e ní 1930 bí a kò ṣe rí i rí. Ní ilé ìwòsàn wa, ọmọbìnrin Bàrúbá kan wà tó ń sè àwọn irinṣẹ́ wa lórí iná. Ohun tí mo ti ń sọ fún àwọn obìnrin nípa ìrọbí, tí wọ́n ń gbọ́ láìdáhùn, òun sọ ọ́ ní ìdí kànga ní òwúrọ̀ kan, wọ́n sì gbé korobá wọn sílẹ̀ láti bá a jiyàn. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn agbẹ̀bí ni mo fẹ́ kí ó lọ. Owó rẹ̀ ni mo ń wá kiri báyìí, kò sì sí ìjọ tí mo wọ̀ ní Òmù-Àrán tí n kò tíì dárúkọ rẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ méjì tún ń múra àtilọ lẹ́yìn òjò yìí. Wọ́n wá bá mi kí n sọ ohun tí wọ́n máa mú dání. Mo ní kí wọ́n kọ́ Faransé dáadáa, torí òun ni wọ́n fi ń kọ ìwé ní ọ́físì ìjọba. Kí wọ́n ra nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tó nípọn. Kí wọ́n mọ ọ̀nà Bembèrèkè, níbi tí ilé ìwòsàn ńlá wà. Kí wọ́n má sì di oúnjẹ tó ju ti ọ̀sẹ̀ kan lọ, kí ebi lè tètè lé wọn jókòó síbi tí wọ́n ti ń jẹun. Ọ̀kan nínú wọn bi mí bóyá òun lè gbé gìtá òun lọ. Mo ní kó gbé e, àmọ́ kó jẹ́ kí àwọn ọmọ fọwọ́ kàn án.